Màlúù Àna

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, Àbẹ̀ḿbí kú. Ilé ọmọ rẹ̀ ní Òkè-Àdó ni ó kú sí, nínú yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi ìyeyè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin ín. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn lọ.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwọn tí ń gbẹ́ sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ń fi agolo gbọ́n omi jáde, wọ́n sì ń kùn. Oyèbọ́lá, àkọ́bí òkú, dúró lórí wọn. Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni. Òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìnáwó ìjọba wò ní Agodi, èyí tí ń pe àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti àwọn agbaṣẹ́ṣe jáde láti wá sọ ibi tí owó ìlú wọlé sí. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ọ́nárébù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín díẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú ìpè náà, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sí Bódìjà, wọ́n ń gun mọ́tò tí ń dán bí ojú omi, ara ilé tirẹ̀ kò sì tíì rí símẹ́ńtì.

Lẹ́yìn ilé, Àpínkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mùtíátù, aránṣọ tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, wá bá a ṣa á. Mùtíátù kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó bọ́ sílẹ̀.

"Ìyá Adùnọlá, ṣé òótọ́ ni mo gbọ́ pé àgbò kan péré lẹ fẹ́ pa? Ìyá Ọ́nárébù!"

"Bí agbára wa ti mọ ni."

"Agbára wo? Ẹni tí ń ka owó ìjọba látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Kíkà ni ó ń kà á. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Ẹni tí ń se ọbẹ̀ kì í tọ́ ọ wò ni?"

Àpínkẹ́ mú òkúta kan, ó sọ ọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wọ ilé aṣòfin, òun ni ó ń dá iṣu padà, tí ó ń dá adìyẹ padà, tí ó ń fi ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ dídùn lé àwọn àlejò tí ó ru ẹrù wá jáde. Àwọn kan ti ń pè é ní ahun. Kò wí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí.

"Ó dáa," ni Mùtíátù wí, "ọkọ Túnráyọ̀ á ṣáà mú tirẹ̀ wá."

Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Túnráyọ̀, àbúrò Oyèbọ́lá kan ṣoṣo, jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbé ojú tirẹ̀ sókè.

Nínú ìdílé wọn, bí ìyá ìyàwó bá kú, ọkọ ọmọ ni ó ń fa màlúù wá. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mú un wá, ìyàwó rẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ títí ọjọ́ alẹ́. Tíṣà ni Láńre, ọkọ Túnráyọ̀, ní ilé ìwé kékeré kan ní Ṣàngó. Láti Ọjọ́bọ̀ tí Ìyá ti kú, kò sí ẹni tí ó bi Túnráyọ̀ léèrè màlúù. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Oòrùn kò tíì gun òkè nígbà tí lọ́rì kan dúró lójú títì. Kéèsì ọtí bíà kún ẹ̀yìn rẹ̀, àpò ìrẹsì wà lórí rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ń ké láàárín wọn. Dírẹ́bà náà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ọ̀gá wa ní kí n kó ìwọ̀nyí wá."

"Ta ni ọ̀gá yín?"

"Adégbọlá agbaṣẹ́ṣe, sà."

Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ orúkọ náà. Adégbọlá ni ìjọba gbé iṣẹ́ afárá Aba Làbísí fún, abà tí a ti bí Àbẹ̀ḿbí. Ó gba owó iṣẹ́ pé. Ó gbé òpó méjì dúró ní bèbè odò, òpó méjèèjì ní apá kan náà, ó sì kó irin-iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìtì ọ̀pẹ ni àwọn ará abà fi ń dá odò náà kọjá títí di òní. Nínú oṣù Keje, orí ìtì ọ̀pẹ yìí ni ẹsẹ̀ ti yọ̀ Mùsílímátù, ìyàwó ilé kan ní abà náà, tòun ti agbè epo tí ó rù. Wọ́n rí agbè. Wọn kò rí Mùsílímátù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀, Adégbọlá yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ Oyèbọ́lá ní Agodi láti sọ ibi tí afárá wà.

"Dá a padà," ni Oyèbọ́lá wí.

"Ẹ dákun, sà, wọ́n ní òkú ni àwọn fún, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Òkú kì í jẹ ìrẹsì. Dá a padà."

Dírẹ́bà náà wo àwọn ènìyàn bí ẹni ń wá ẹni tí yóò gbè é. Kò sí. Ó gun lọ́rì rẹ̀, ó yí i padà, àwọn ewúrẹ́ ń ké lọ sí apá Dùgbẹ̀. Àwọn tí ń gbẹ́ sàréè ti dúró, wọ́n gbára lé ṣọ́bìrì, wọ́n ń wo bíà tí ń lọ.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe aládùúgbò olóòótọ́ lọ́jọ́ ìnáwó mọ́," ni Mùtíátù wí. Ẹ̀rín pa àwọn kan.

Oyèbọ́lá gbọ́ ọ. Kò dùn ún. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ ju bí ó ti wà láti Ọjọ́bọ̀ lọ. Ó wọlé lọ sí yàrá tí wọ́n tẹ́ ìyá rẹ̀ sí, ó dúró tì í, ó sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ ròyìn fún un.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ariwo sọ lójú ọ̀nà. Láńre ni ó ń bọ̀. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ṣòkòtò funfun rẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, màlúù sì wà lẹ́nu okùn: màlúù funfun gàgàrà, iké rẹ̀ ń mì, àmì dúdú kan wà lẹ́bàá ojú òsì rẹ̀. Sùrájù alápatà ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ nínú àpò. Túnráyọ̀ sáré jáde pẹ̀lú èèpo ẹ̀gúsí lára. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi! Ẹni tó bò mí láṣìírí! Ẹ wá wò ó o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fojú ṣáátá mi!"

"Ẹ̀n, tíṣà!" ni Mùtíátù pariwo. "Tíṣà tí kì í sọ̀rọ̀! Tíṣà tó fi ṣọ́ọ̀kì ra màlúù!"

Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Oyèbọ́lá, tí ó ti jáde wá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gba ẹrù àna yín."

Oyèbọ́lá na ọwọ́ gba okùn. Ohun kan ta á nínú, bí ẹ̀gún kékeré: tíṣà, pẹ̀lú màlúù tí ó tó báyìí? Ṣùgbọ́n a kì í bi àna pé níbo ni ó ti rí i. Ẹni tí ó bá bi í ti bú u, ó sì ti bú ọmọ tí a fi fún un. Ó wo ojú Láńre. Láńre ń wo màlúù. Oyèbọ́lá rò pé ìtìjú ọmọlúàbí ni.

"Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ," ni ó wí. "O ṣeun, Láńre. Ìyá gbọ́."

Wọ́n pa màlúù náà. Oyèbọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ igi ìyeyè, kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé lè rí i pé àna ṣe ojúṣe rẹ̀.

Àlùfáà dé, wọ́n kọrin, wọ́n gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ tí omi ṣì ń sun nínú rẹ̀. Oyèbọ́lá da erùpẹ̀ lé e. Erùpẹ̀ náà tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń wojú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí àlùfáà ń kàwé, nítorí pé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ láti Aba Làbísí kò tíì dé, wọn kò sì lè dúró dè wọ́n mọ́. Òjò tún ń ṣú. Wọ́n bo sàréè, wọ́n da símẹ́ńtì lé e, wọ́n fi páànù bò ó.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀ ni mọ́tò dúdú kan dúró sí ibi tí lọ́rì àárọ̀ dúró sí. Adégbọlá fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀, nínú aṣọ dúdú, kò lo wúrà kankan. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù ni, ó ga, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ó lọ tààrà síbi sàréè, ó ṣí fìlà, ó tẹríba pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó lórí àga tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèbọ́lá.

Oyèbọ́lá kò mọ ohun tí yóò ṣe. A máa dá ẹrù padà. A kì í lé ẹni tí ó wá kíni kú ọ̀fọ̀. Àpínkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé oúnjẹ fún àlejò, bí a ti í ṣe.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọ́nárébù."

"Ẹ ṣé."

"Ẹ jẹun. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Oyèbọ́lá kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Ebi ń pa á. Ó bu ìrẹsì, ó mú ẹran, ó jẹ ẹ́. Adégbọlá náà ń jẹ. Àwọn ènìyàn ń wò wọ́n láti abẹ́ àtíbàbà. Ẹnìkan tí ó mọ̀ wọ́n fi ìgúnpá gbún ẹnì kejì rẹ̀.

"Ẹran yìí rọ̀," ni Adégbọlá wí. "Ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ pé ẹ ó dá lọ́rì yẹn padà?"

"Ó yẹ kí ẹ mọ̀."

"Ìdí tí mo fi rán an nìyẹn." Ó yọ eegun lẹ́nu, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ àwo rọra. "Ẹni tí ó bá ti dá ti òwúrọ̀ padà, ara rẹ̀ á balẹ̀ gba ti ọ̀sán."

Ọwọ́ Oyèbọ́lá dúró.

Adégbọlá fi àgbọ̀n júwe okùn tí ó wà lára igi ìyeyè. "Funfun, tí ó ní àmì dúdú lẹ́bàá ojú òsì. Sábó ni mo ti rà á. Ẹ̀rù ń ba tíṣà pé yóò kan òun. Ènìyàn mi ni ó kọ́ ọ bí a ti ń dì í mú."

Atẹ́gùn fẹ́, okùn náà mì díẹ̀.

"Kí lẹ ń fẹ́?" Ohùn Oyèbọ́lá ti lọ sísàlẹ̀.

"Èmi? N kò fẹ́ nǹkan kan. Mo wá kí yín kú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ bá mi wá omi, kí n fọwọ́." Wọ́n gbé omi wá, ó fọwọ́, ó fi aṣọ ìnujú nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "A ó tún ríra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ayé ṣáà ti rí wa pé a jọ jẹun lónìí. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó kí àwọn àgbà kí ó tó lọ. Ó kí Mùtíátù pàápàá, Mùtíátù sì ní, "Ọkùnrin gidi! Wọ́n lé ẹrù rẹ̀ lówùúrọ̀, ó ṣì tún wá kí wọn!"

Oyèbọ́lá dìde. Fọ́nrán ẹran kan há sí i léyín. Ó kọjá láàárín àwọn ènìyàn, ó ń dáhùn ẹ kú ìnáwó, ó wọ yàrá ẹ̀yìn tí ìyá rẹ̀ kú sí. Ó ní kí wọ́n pe Láńre. Túnráyọ̀ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá. Àpínkẹ́ wọlé kẹ́yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Láńre, níbo ni o ti rí màlúù?"

Láńre wo ilẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin kan wá bá mi nílé ìwé. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Ó ní màlúù kan wà nílẹ̀, kí n wá fà á, kí n má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O kò bi í pé ta ni ó rán an?"

"Mo bi í."

"Ó wí fún ọ?"

Láńre fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Níta, wọ́n ń kọ orin ìsìnkú kan, orin náà dákẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan.

"Ó wí fún mi," ni Láńre wí.

"O mọ̀ pé ti Adégbọlá ni. O sì fà á wá sílé mi, o dọ̀bálẹ̀, o fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

"Mo rò pé bí ó bá ti gba ọwọ́ àna kọjá, ó ti di ti àna. Ta ni yóò bi àna léèrè? Ẹ̀yin fúnra yín kò bi mí, Bọ̀ọ̀dá. Bí ẹ bá bi mí, ǹ bá sọ. Mo fi Ọlọ́run búra, mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mò ń retí pé kí ẹ bi mí."

"Olè! Ọ̀dàlẹ̀!"

"Ẹ má pè é lólè." Túnráyọ̀ ni ó sọ̀rọ̀. Títí di àkókò yìí, ara ògiri ni ó fẹ̀yìn tì. "Èmi kò mọ̀ pé ti Adégbọlá ni, bí mo bá mọ̀, kí Ìyá má sùn re. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ọkọ mi lólè. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ti ń wò mí nínú ilé yìí. N kò rí ẹni tí ó la ẹnu. Wíwò ni ẹ ń wò mí. Ẹ̀yin náà, Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí ẹ ń sọ ohun tí a ó pa, ẹ ní, 'Àgbò kan, àti èyí tí àna bá mú wá.' Ẹ sọ ọ́, ẹ sì wojú mi. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ fún un, n kò bá a sọ̀rọ̀. Mo kàn ń wò ó, bí ẹ ti wò mí."

Oyèbọ́lá yíjú sí fèrèsé.

"Ọwọ́ yín mọ́," ni Túnráyọ̀ wí. "Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú yín ń tọrọ màlúù."

Ẹní tí Ìyá ń lò wà ní ká sí igun yàrá, ọ̀pá rẹ̀ dúró tì í. Àpínkẹ́ ni ó sọ̀rọ̀ níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀.

"Bàbá Adùnọlá, ẹ lọ sí Agodi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹ tó jókòó, ẹ wí fún wọn bí ó ti rí. Ẹ ní, màlúù ọkùnrin yìí wọ ilé mi, mo jẹ nínú rẹ̀, báyìí ni ó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè afárá."

"Orúkọ mi ńkọ́?" ni Láńre wí. "Bí wọ́n bá dárúkọ mi níbẹ̀, wọn yóò lé mi kúrò nílé ìwé. Ta ni yóò tún jẹ́ kí n kọ́ ọmọ òun?"

Túnráyọ̀ kúnlẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tí erùpẹ̀ sàréè ṣì wà lára rẹ̀. "Ẹ ránṣẹ́ pé ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá yín ni ó kú, irọ́ kọ́. Ẹ ní ẹ kò lè wá. Ta ni yóò bi ọlọ́fọ̀ léèrè?"

"Igbákejì wọn ni yóò jókòó sípò alága nígbà náà," ni Àpínkẹ́ wí. "Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí ó kọ́ ilé igbákejì wọn ní Bódìjà."

Oyèbọ́lá gbọ́ àwọn méjèèjì. Ta ni yóò bi àna. Ta ni yóò bi ọlọ́fọ̀. Ó rí i kedere pé ihò kan náà ni. Ó rí i, síbẹ̀ ó ń rò ó bí inú ihò náà yóò ti móoru tó. Bí ó bá lọ tí ó sì sọ ọ́, ohun tí wọn yóò gbé kiri láti Agodi dé Oníreke kò ní í jẹ́ afárá. Yóò jẹ́ pé Oyèbọ́lá olóòótọ́ jẹ màlúù. Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó ti ń dúró de ọjọ́ tí òun náà yóò jẹ, wọn yóò rẹ́rìn-ín gan-an.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mùtíátù ni. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́.

"Ìyá Adùnọlá, ẹ mú aṣọ gbígbẹ jáde. Àwọn ará Aba Làbísí ti dé."

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù tí ó bo sàréè, ọkùnrin díẹ̀, obìnrin díẹ̀, wọ́n fara mọ́ ara wọn. Aṣọ wọn tutù dé àyà. Ajíbóyè ni ó ṣíwájú wọn, àbúrò Àbẹ̀ḿbí, arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni ó fẹ́ Mùsílímátù. Láti ìdájí ni wọ́n ti dé bèbè odò. Omi ti bo ìtì ọ̀pẹ mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró títí omi fi fà díẹ̀, wọ́n so ara wọn pọ̀ mọ́ okùn ọkọ̀, wọ́n sì wọ inú odò.

"A ò bá a," ni Ajíbóyè wí, ó ń wo páànù. "Àbẹ̀ḿbí, a ò bá ọ. Odò ni. Má bínú."

Oyèbọ́lá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Arúgbó náà fọwọ́ kàn án léjìká.

"Dìde. O ti ṣe é bí ọmọ. Wọ́n ní màlúù ni o fi sin ín."

"Àna ni ó mú un wá," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ wo okùn rẹ̀ lára igi."

Wọ́n wo okùn náà, inú wọn sì dùn. Wọ́n fún wọn ní aṣọ gbígbẹ, wọ́n gbé oúnjẹ fún wọn. Ebi ti pa wọ́n gan-an. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n fọ́ eegun, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Oyèbọ́lá dúró níwájú wọn, ó ń wò wọ́n. Obìnrin kan gbé ojú sókè, ó ní, "Ọmọ wa, ẹran yìí dùn o, Ọlọ́run yóò fún ọ ní òmíràn." Ó ní, "Àmín."

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Sùrájù gbé itan màlúù kan jáde, èyí tí ó jẹ́ ti ìdílé ìyá nínú ẹran ìsìnkú. Ó fi ewé eéran dì í, ó fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so ó. Àwọn obìnrin Làbísí sì ti ń di ẹran wẹ́wẹ́ sínú ewé fún àwọn tí kò lè wọ odò: fún aboyún kan, fún àwọn arúgbó, fún ọkọ Mùsílímátù tí kò wá, nítorí pé kò tíì lè wo odò náà.

Ajíbóyè fa Oyèbọ́lá lọ́wọ́ lọ sí abẹ́ igi ìyeyè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni, àbí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, Bàbá."

"Mo ti wí fún wọn lábà. Mo ní ọmọ Àbẹ̀ḿbí ni yóò bi í léèrè. Ojoojúmọ́ ni ọmọ mi ń bi mí pé ó ku ìgbà wo. Mo ní, ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá wa gbẹ́jọ́ yìí, kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Òkùnkùn ti fẹ́ máa ṣú. Oyèbọ́lá wo ọ̀nà sàréè, ó wo ilẹ̀kùn tí Túnráyọ̀ dúró sí, tí ó ń wò ó. Àpínkẹ́ náà ń wò ó láti ilé ìdáná. Ó lè purọ́. Arúgbó náà kì bá tí mọ̀.

"Bàbá, màlúù tí ẹ jẹ yìí, Adégbọlá ni ó ni ín."

Oyèbọ́lá sọ ọ́ fún un bí ó ti rí, láti orí lọ́rì dé orí okùn. Kò dá ara rẹ̀ láre, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó parí, arúgbó náà fi ọwọ́ kan okùn tí ó wà lára igi, bí ẹni ń wò ó bóyá ó yi.

"Ìwọ kò mọ̀ nígbà tí o jẹ ẹ́."

"N kò mọ̀."

"Àwa náà kò mọ̀. Ó dáa. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. N kò ní í sọ fún wọn pé afárá wọn ni wọ́n jẹ." Ó tú itọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Wàá jókòó?"

Oyèbọ́lá wo Túnráyọ̀.

"Mò ń ṣọ̀fọ̀, Bàbá. N óò ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń ṣọ̀fọ̀."

Igi ìyeyè ń kán omi sílẹ̀.

"Ọ̀fọ̀ ta ni, Oyèbọ́lá? Ọ̀fọ̀ Àbẹ̀ḿbí, àbí ti màlúù?"

Kò dúró gba èsì. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde, kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lẹ́nu odò. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé itan màlúù lé èjìká.

"Gbé e sílẹ̀."

"Bàbá?"

"Mo ní gbé e sílẹ̀. N kò lè gbé e la odò yẹn kọjá. Odò yẹn mọ̀ mí." Ó yíjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ̀yin náà."

"Kí ló dé? Àwọn tó wà nílé ńkọ́?"

Wọ́n wojú rẹ̀, wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bọ́ aṣọ gbígbẹ tí a fún wọn, wọ́n tún wọ aṣọ tútù wọn. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí Àpínkẹ́ pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ. Mùtíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ títí wọ́n fi wọ títì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò wí nǹkan kan, nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé àdúgbò.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí: itan màlúù kan nínú ewé eéran, lórí àkàsọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹran wẹ́wẹ́ tí wọ́n dì fún aboyún. Èyí tí wọ́n dì fún àwọn arúgbó. Èyí tí wọ́n dì fún ọkọ Mùsílímátù, tí ó kéré jù lọ, tí wọ́n so dáadáa jù lọ. Aṣọ gbígbẹ, tí wọ́n ká sórí àga. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ láti ibi sàréè dé ẹnu ọ̀nà. Okùn kan lára igi ìyeyè. Ẹní Ìyá àti ọ̀pá rẹ̀. Símẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ. Àti fọ́nrán ẹran kan láàárín eyín Oyèbọ́lá, tí ahọ́n rẹ̀ ń wá kiri, tí kò rí yọ.